Ẹ Yé Ya Máàpù Ilé Yín fún Ajínigbé

Tí ẹ bá ń sáré láàárọ̀, tí fóònù tàbí aago ọwọ́ yín sì ń ka ìṣísẹ̀ yín, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún jáde. Mi ò bá eré sísá jà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń pa wá, ẹni tó bá sì dìde lo ara rẹ̀, ohun tó dáa ló ṣe. Ohun tí mò ń bá jà ni máàpù tí fóònù ń yà lẹ́yìn eré náà, tí ẹ wá ń fọwọ́ ara yín gbé síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Bí ẹ bá ti tẹ fóònù pé eré bẹ̀rẹ̀, yóò máa gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè, yóò sì máa kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí òmíràn. Tí ẹ bá parí, yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìlà kan lórí máàpù: ibi tí ẹ ti gbéra, ọ̀nà tí ẹ gbà, ibi tí ẹ ti dúró mí, ìgbà tí ẹ jáde, ìgbà tí ẹ wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ẹnu géètì ilé wọn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa á. Ẹni tó bá ń rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti mọ ilé yín. Ó ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa ń jáde, ó mọ ibi tí ọ̀nà ti máa ń dá, ó sì mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹ tó padà sílé. Ọ̀rọ̀ tí ajínigbé ń san owó fún alámì kó tó rí gbọ́ nìyẹn, ẹ̀yin sì ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí àgbàlagbà bá forúkọ sílẹ̀ lórí Strava, áàpù tí àwọn asáré ń lò jù, tí kò sì yí nǹkan kan padà, gbogbo ayé ló lè rí eré rẹ̀. Ohun tó burú ni èyí. Ìkọ̀kọ̀ ló yẹ kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ hàn síta wá fúnra rẹ̀ ṣí i.

Àwọn tó yẹ kó lè ṣọ́ra jù wá lọ ti kó sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Strava gbé máàpù àgbáyé kan jáde tó ń tàn níbi gbogbo tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń sáré tàbí gun kẹ̀kẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Australia, Nathan Ruser, tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ìlú ńlá tàn yòò, èyí kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láàárín aṣálẹ̀ Síríà, àti ní àwọn apá Afghanistan tó ṣókùnkùn biribiri, àwọn ìlà kéékèèké kan ń tàn. Àwọn ọmọ ogun òkèèrè tó ń sáré yí bárékè wọn ká ló yà wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fòfin dè é pé kí òṣìṣẹ́ wọn tó wà lójú ogun má ṣe tan ohun tó ń sọ ibi téèyàn wà mọ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti Polar, iléeṣẹ́ mìíràn tó ní áàpù asáré. Ní oṣù keje ọdún 2018 kan náà, àwọn oníròyìn De Correspondent ní Netherlands àti ti Bellingcat fi áàpù rẹ̀ wá sójà àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kiri, wọ́n sì rí orúkọ àti ilé àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kò le rárá. Ẹni tó sáré nínú bárékè lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ wo ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ eré lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ nilé rẹ̀. Ọmọ iléèwé gírámà lè ṣe é.

Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n yìnbọn pa Stanislav Rzhitsky, tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Rọ́ṣíà rí, níbi tó ti ń sáré nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Krasnodar. Ọ̀nà tó máa ń gbà sáré wà lórí Strava níta gbangba. Nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìwé ìròyìn Le Monde fi hàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ Faransé, ti Amẹ́ríkà àti ti Rọ́ṣíà ń lo áàpù yìí kan náà. Ẹ̀ṣọ́ á ṣáájú ọ̀gá rẹ̀ dé ìlú, á sáré jáde láti òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, òtẹ́ẹ̀lì tí ààrẹ fẹ́ dé sí ti di mímọ̀ nìyẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ kì í ṣe sójà, ẹ kì í sì í ṣe ààrẹ. Ṣé ààrẹ ni wọ́n ń jí gbé lójú ọ̀nà wa ni? Oníṣòwò ni, olùkọ́ ni, àlùfáà ni, ọmọ iléèwé ni. Ìyá tó ń dá sáré ní ìdájí, tí ọkùnrin kan tó ti kọ̀ ń wá a kiri, ewu tirẹ̀ tún ju ti ẹ̀ṣọ́ ààrẹ lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àwọn Yorùbá tó wà ní London àti Houston náà, kí wọ́n má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn: olè tó fẹ́ mọ ìgbà tílé máa ṣófo kò sí ìlú tí kò sí.

A tún ní àṣà tiwa tó ń mú un burú sí i. Ẹni tó tiẹ̀ ti ti áàpù rẹ̀ pa, á ya àwòrán ojú fóònù, pẹ̀lú máàpù, pẹ̀lú àkókò, á gbé e sí Status WhatsApp kí ará ilé ìwé àtijọ́, oníbàárà, mẹkáníìkì àti ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè kí i kú iṣẹ́. Òmíràn á ya fọ́tò níwájú géètì, nọ́ńbà ilé á hàn kedere. Ẹ yé ṣe é. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yìn yín, ẹ kọ iye kìlómítà tí ẹ sá. Ó tó.

Àwọn kan á ní àwọn ti lo ibi tí áàpù ti máa ń bo àyíká ilé mọ́lẹ̀. Ó dáa, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má gbára lé e nìkan. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois fi hàn pé bí ìlà eré bá ń já lójijì ní etí òbírí tí áàpù fi bo ilé lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó mọ ìṣirò lè fi wá àárín òbírí náà. Àárín yẹn nilé yín.

Nítorí náà, ẹ ṣí áàpù yín nísinsìnyí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ẹni tó lè rí eré, ẹ fi sí Only You. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé eré bẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi kúrò ládùúgbò yín, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó padà wọ ibẹ̀. Ẹ máa yí wákàtí àti ọ̀nà padà, kí ó má jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ẹ ń gun afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí ní aago kan náà. Ẹ yẹ fóònù àwọn ọmọ yín wò, nítorí ilé kan náà ni eré tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé èyí tí ẹ bá yí padà lónìí, eré tó ń bọ̀ nìkan ló bò. Gbogbo èyí tí ẹ ti sá látẹ̀yìn wá ṣì wà níta bó ṣe wà, àfi tí ẹ bá padà lọ tì wọ́n tàbí tí ẹ pa wọ́n rẹ́.