Àpótí Ìmọ̀: Níbi tí Omi Odò ti Ń Pàdé Omi Òkun
Kì í ṣe lásán ni Èkó Akéte fi ń jẹ́ arómisá-lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, nítorí ibẹ̀ ni Odò Ògùn, tí ó ti agbègbè Ṣakí ṣàn wá, tí ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá, ti ń tú omi rẹ̀ sínú ọ̀sà, kí ọ̀sà náà tó lọ pàdé òkun. Lásìkò òjò, omi odò a borí, iyọ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a tì í padà, omi a tún níyọ̀. Nínú omi alábùlà yìí, lábẹ́ igi etí omi tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè gátagàta bí ẹsẹ̀ akàn, ni ọmọ edé tí a bí sójú òkun ti ń wá dàgbà, kí ó tó padà sókun lọ bímọ tirẹ̀. Ilé alágbàtọ́ ni ọ̀sà jẹ́.

Nítorí náà, apẹja tí ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ edé, ẹni tí ń gé igi etí omi fi yan ẹja, àti àwọn lagilagi tí ń da ìyẹ̀fun igi sómi títí omi fi dúdú bí aró, ń jẹ iṣu tán, wọ́n tún ń jẹ èbù mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má tukọ̀, kí a má lúwẹ̀ẹ́, kí a má sì jẹ akàn tí ó sanra. Omi kò kúkú lọ́tàá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé etí ọ̀sà, ẹ wo àwọ̀n apẹja dáadáa: bí ọmọ-ìka yín kò bá lè wọ ojú rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí bàbá náà, kí ẹ sì bi í pé ẹja wo ni ó fẹ́ pa lọ́dún tí ń bọ̀.