Ohun tó lè gbé àti ohun tó ń fipá gbé

Ìbéèrè tí Yorùbá máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀, yálà ní Alábà l'Ékòó ni o tàbí ní Siporex ní Abidjan, ni pé: "Ṣé ó lè gbé fíríìsà?" Àwọn tó ń béèrè iye wáàtì rẹ̀ kò pọ̀. "Gbé" la ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì bá iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí mu gan-an. Ẹrù ni fíríìsà, ẹrù ni fáànù, ẹrù ni gílóòbù kọ̀ọ̀kan tó ń tàn nínú ṣọ́ọ̀bù. Jẹnẹrétọ̀ ni alábàárù tó ru gbogbo wọn. Òǹtajà á dáhùn pé, "Ó ń gbé e dáadáa, màmá," kò sì ní purọ́. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀rọ tuntun á ti dákú, ẹja inú fíríìsà á ti rọ̀, òórùn á ti gba ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì fò ni "fipá". Alábàárù tó lè ru àpò ìrẹsì kan la ọjà já lè fipá gbé méjì láti ilẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kó máa ru méjì kiri láti àárọ̀ dalẹ́? Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá kọ Faransé sára rẹ̀, ẹ ó rí "puissance nominale", ẹ ó sì rí "puissance maximale". Ti àkọ́kọ́ ni ohun tó lè gbé fún wákàtí lórí wákàtí. Ti èkejì ni ohun tó lè fipá gbé fún ìgbà díẹ̀. Ti èkejì ló máa ń tóbi jù, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń kọ gàdàgbà sára páálí. Nítorí náà, ìbéèrè tó pé ní èdè wa ni: "Kí ló lè gbé láìfipá?" Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí ní Abidjan mú gbólóhùn náà lọ sọ́jà, torí owó ńlá ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ń kó jọ tàbí ń fọ́n ká.

Kí ló dé tí mo fi ń dárúkọ Siporex? Oríta ńlá ni ní Yopougon, ibi tí ọkọ̀ gbákà ti ń pe èrò, tí ọjà ti kún dé etí títì. Orúkọ búlọ́ọ̀kù fífúyẹ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Sweden wá ló di orúkọ àdúgbò náà. Yorùbá pọ̀ ní Abidjan látayébáyé, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anango. Èdè méjì ló wà lẹ́nu ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ìgbà mìíràn mẹ́ta. Níbi tí èdè bá sì ti pàdé èdè lórí ọjà, ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu ẹni méjì tó dúró ti ara wọn. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ kún fún irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irú iná tó wà níbẹ̀, torí òun ló ń sọ irú ẹ̀rọ tó yẹ kéèyàn rà. Iná Côte d'Ivoire kò rí bíi tiwa ní Nàìjíríà. Láti 1990 ni iléeṣẹ́ CIE ti ń pín iná fún ará ìlú. Ibùdó Azito tó ń fi gáàsì ṣe iná wà ní Yopougon níbẹ̀ gan-an, láti 1999. Omi ń ṣe iná ní Ayamé láti 1959, ìsédò Soubré tí wọ́n ṣí ní 2017 sì ń mú tó mẹgawáàtì 275 wá. Orílẹ̀-èdè náà ń tà fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀, ní 2021, omi fà nínú àwọn ìsédò, ẹ̀rọ kan sì bàjẹ́ ní Azito, ni CIE bá gbé àkókò jáde nípa àdúgbò tí wọn yóò pa iná rẹ̀ àti wákàtí tí wọn yóò pa á. "Délestage" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ rí ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Yorùbá tó ti Nàìjíríà dé máa ń ra ẹ̀rọ bí ẹni pé Nẹ́pà ló ṣì ń bá a gbé. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ: jẹ́n ojoojúmọ́ àti jẹ́n ìpamọ́. Jẹ́n ojoojúmọ́ ni ti ẹni tí iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí tó ń lọ ju bó ṣe ń dé lọ. Ẹ̀rọ oní-dísù tó ń yí nígbà 1500 láàárín ìṣẹ́jú kan ló yẹ ẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀, torí ó lágbára, ó sì ń pẹ́. Jẹ́n ìpamọ́ ni ti ẹni tí iná ń lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni yìí kò nílò dísù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ bẹntiróòlù, tó ń yí nígbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú, tó sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti tó o. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti tún ṣe, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kó ṣáà máa tan án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí iná bá wà, kí epo tó wà nínú rẹ̀ má bàa bàjẹ́ mọ́ ọn nínú. Ní ti àwọn pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ tí ará Nàìjíríà sọ lórúkọ pé "I better pass my neighbour", àwọn tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn lè gbé láìfipá kò ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ. Gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣàn ni wọ́n wà fún.

Ká wá padà sórí fíríìsà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ká ní obìnrin kan ń ta ẹja dídì ní Siporex. Ó wo ẹ̀yìn fíríìsà rẹ̀, ó rí 200 wáàtì. Ó wo ẹ̀rọ, ó rí 650. Ó ní, "Mẹ́ta lá gbé, ṣẹ́kù á tún kù." Ìṣirò rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Fíríìsà kì í fa 200 nígbà tó bá ń gbéra. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń gbéra, ìyẹn 600 dé 1000, kó tó wálẹ̀ sí 200 tí wọ́n kọ. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ tipẹ́: ìgbéra yàtọ̀ sí ìrìn. Ẹ béèrè ti ìgbéra, ẹ béèrè ti ìrìn. Bí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ kọ́kọ́ tan èyí tó wúwo jù, kó gbéra tán, kó rọlẹ̀, kí ẹ tó fi èyí tó kù kún un. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo, ẹni tó ni ọjà ló sì yẹ kó mọ ibi tí ẹrù tirẹ̀ wúwo sí. Kó má fi í sílẹ̀ fún òǹtajà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbí, mi ò sì fẹ́ ká máa dà wọ́n pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé. Fíríìsà ló ń fà. Ẹ̀ńjìnnì ló ń jẹ epo. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé ẹ̀ńjìnnì "ń mu epo", kò sì burú, àmọ́ "jẹ" ló dùn létí mi jù, torí bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé iṣẹ́ kan ń jẹ owó, ó ń jẹ àkókò. Nígbà tí ẹrù bá sì ju ẹ̀rọ lọ, ẹ má wulẹ̀ sọ pé "jẹ́n náà ò dáa". Ẹ sọ pé agbára rẹ̀ kò ká a. Ẹ̀rọ tó dáa ni, ẹrù ẹlẹ́rù ni wọ́n gbé lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ kVA náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní Nàìjíríà, kVA la fi ń pe jẹ́n, a ó ní "jẹ́n kéfíéè márùn-ún". Kílówáàtì ni ohun tí fíríìsà àti fáànù ń fà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kílówáàtì tó wà nínú kVA kó fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, òun ni wọ́n sábà fi ń ṣírò rẹ̀. kVA 5 á wá di kílówáàtì 4.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀fìn kan tó lè pa ènìyàn. Ní Nàìjíríà, pẹtiróòlù àti bẹntiróòlù, nǹkan kan náà ni, òun la ń bù sí jẹnẹrétọ̀. Ní Abidjan, "essence" tàbí "super" ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá dé iléepo tí ẹ ní ẹ fẹ́ "pétrole", kẹrosíìnì ni wọn yóò fún yín. "Pétrole lampant" ni wọ́n ń pè é lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ fìtílà ló sì wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé epo àtùpà. Ẹni tó bá bu kẹrosíìnì sínú ẹ̀ńjìnnì bẹntiróòlù, ẹ̀rọ náà lè má tàn rárá, bó bá sì tàn, á máa rú èéfín, á máa kọsẹ̀. Ìyẹn ṣì san. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yí padà, tí wọ́n rán ọmọ nílé pé kó lọ ra epo sítóòfù, tó sì gbé "essence" dé, ilé ló ń jó. Nínú ilé Yorùbá tó wà nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe "pẹtiróòlù" mọ́. Ẹ pè é ní bẹntiróòlù tàbí ẹ̀sáǹsì, kí èkejì máa jẹ́ kẹrosíìnì tàbí epo àtùpà, kí ẹ sì kọ orúkọ sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Dísù ní tiẹ̀ ni "gasoil", "gaz" lásán sì ni gáàsì tí a fi ń se oúnjẹ. Ẹ má gé "gasoil" kúrú.

Ọ̀fìn kejì ni "ínfátà". Lẹ́nu ará Nàìjíríà, ínfátà ni àpótí tó ń gba iná látinú bátìrì, tí a máa ń so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn. Òǹtajà tún ń pe jẹnẹrétọ̀ kékeré kan bẹ́ẹ̀, èyí tí iná rẹ̀ máa ń dúró sójú kan, tí kì í ba kọ̀ǹpútà jẹ́, tí ariwo rẹ̀ sì kéré. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àpótí tó ń lo bátìrì, "onduleur" ni Faransé ń pè é. Wàyí o, "inverseur" wà nínú èdè wọn pẹ̀lú, ó sì dún bí ínfátà létí ẹni tó ń kánjú, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń yí iná láti ọ̀dọ̀ CIE sí ti jẹnẹrétọ̀ ni, èyí tí àwa ń pè ní ṣéńjóòfà. Ẹ wo bí yóò ṣe rí:

"Mo fẹ́ ínfátà, ọmọ mi."

"Inverseur? Ó wà, tantie."

Màmá á san owó, wọ́n á sì wé suwíìṣì lásán fún un. Àmọ́ ẹ má rò pé ṣéńjóòfà kò wúlò. Ẹni tó bá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ wáyà ilé láìsí i ń ti iná padà sójú òpó, òṣìṣẹ́ CIE tó gun òpó lọ tún wáyà ṣe, tó rò pé iná ti lọ, lè gbẹ́mìí mì. Bí ẹ bá tún ń gbé ẹ̀rọ bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ ní í lọ́kàn pé ihò mẹ́ta pẹlẹbẹ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ihò méjì róbótó ni wọ́n ń lò ní Abidjan.

Àwọn òǹkàwé tún ń béèrè èwo ló tọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ amúnáwá. Méjèèjì tọ̀nà. Amúnáwá tẹ̀lé ìlànà kan náà pẹ̀lú amúlétutù, kò sì sí ẹni tí kò yé. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí àwọn kan ṣe ń fi ẹ̀rọ amúnáwá pe taransifọ́mà tó wà lórí òpó. Taransifọ́mà kì í mú iná wá. Iná tó bá a níbẹ̀ ló ń sọ di kékeré kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ taransifọ́mà.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni "èéfín". Nínú ìròyìn la ti máa ń gbọ́ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ pa odidi ìdílé sójú oorun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Ohun tí ojú ń rí ni Yorùbá ń pè ní èéfín: ó ń rú, ó dúdú, ó ń ta ojú. Nítorí náà, ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun tó mọ́ á sọ pé, "Tèmi kì í rú èéfín," á sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru nítorí olè. Ohun tó ń pa ènìyàn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Kábọ̀n monọ́sáìdì ni, ẹ̀rọ tuntun tó mọ́ jù náà sì ń tú u jáde. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á di òòyì, á di èébì, oorun á wá gbé onítọ̀hún lọ. "Gáàsì olóró" ni kí ẹ jẹ́ ká máa pè é, kí àwọn oníròyìn náà máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó gbọ́ "olóró" kò ní máa fi ojú wá a.

Ẹsẹ̀ bàtà 20, nǹkan bíi mítà 6, ni àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu páìpù rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn. Níbi tí ṣọ́ọ̀bù ti lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù bíi ti Siporex, mítà 6 tìrẹ lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ. Bí àyè kò bá sí rárá, bátìrì àti onduleur ló kàn, bí ẹ bá ti mọ ohun tí fíríìsà yín ń fà nígbà tó bá ń gbéra.