Orí Pańla, Oúnjẹ Àpò àti Ẹran Tútù: Èwo Ni Ká Fún Ológbò?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, mo ní ológbò akọ kan nílé, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, a sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Láti kékeré ni mo ti ń fún un ní orí pańla bíbọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì, nígbà mìíràn mo máa ń bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí àbúrò mi tó wà ní London wá sílé, ó bá mi wí, ó sì ra oúnjẹ àpò sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà yẹn, èyí tí mo bá rí owó rà lọ́jà ni mò ń fi kún ti tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ọmọ mi obìnrin ń fi fídíò hàn mí lórí fóònù. Àwọn kan ní oúnjẹ tí kò ní ọkà nínú ló dára jù, àwọn mìíràn ní ẹran tútù tí wọn ò sè ni, pé òun ló ń mú kí irun máa dán. Èwo ni ká tẹ̀ lé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé owó ò pọ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Ológbò, Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n fèsì ní ṣókí ná, kí n tó ṣàlàyé. Oúnjẹ àpò tàbí ti agolo, èyí tí wọ́n ṣe kó pé fún ológbò, ni kó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Kí orí pańla di ìpanu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọbẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti òní lọ. Ẹran tútù inú fídíò, ẹ má dán an wò. Bí owó díẹ̀ bá sì ṣẹ́kù, ẹ fi ra ohun tí yóò mú omi wọ ara rẹ̀, ẹ fi àpò olówó gọbọi tí wọ́n kọ "kò sí ọkà" sí lára sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á.

Ajá lè jẹ àjẹkù ẹ̀bà àti eegun títí di ọjọ́ ogbó. Ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Eku, ẹyẹ, alángbá ni wọ́n dá a mọ́, àti nítorí pé ẹran ni ìran rẹ̀ ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ti pa àwọn iṣẹ́ kan tì tí ara tiwa ṣì ń ṣe. Bí àwa bá jẹ epo pupa tàbí kárọ́ọ̀tì, ara wa á sọ èròjà pupa inú wọn di fítámì A. Ti ológbò kò lè sọ ọ́. Àfi kó rí fítámì A fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ẹran. Adùn ṣúgà pàápàá kò mọ̀: ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Monell Chemical Senses Center ní Philadelphia fi hàn pé jíìnì kan tí ahọ́n nílò láti fi mọ adùn ti bàjẹ́ lára ológbò.

Èyí tó ṣe kókó jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní taurine. Inú ẹran, ẹja àti ọkàn ẹranko ló pọ̀ sí. Kò sí nínú ìrẹsì, kò sí nínú àgbàdo. Ní 1975, onímọ̀ K. C. Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí taurine kò bá tó lára ológbò, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ yóò máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fọ́jú. Ní 1987, Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis tún gbé òmíràn jáde. Àwọn ológbò kan wà tí ọkàn wọn ti wú, tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ, èyí tí gbogbo ayé gbà pé ó dára, àìtó taurine ló sì ń ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní taurine, ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Àwọn ilé-iṣẹ́ yára fi kún èyí tó wà nínú oúnjẹ wọn, àìsàn náà sì di ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́.

Ìtàn yìí ni mo fi ń wọn gbogbo oúnjẹ tuntun tí mo bá gbọ́ nípa rẹ̀. Irun dídán tí ọmọ yín rí nínú fídíò lè jẹ́ òótọ́, nítorí ọ̀rá inú oúnjẹ máa ń mú irun dán. Ṣùgbọ́n irun kò lè sọ bí ọkàn tàbí ojú ṣe rí fún wa, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí àìtó taurine tó hàn síta.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìkòkò yín. Bí mo bá mọ ilé ìdáná wa, ẹ ó bọ orí pańla, ẹ ó da omi rẹ̀ nù, ẹ ó ṣa egungun kúrò, ẹ ó sì fi ìwọ̀nba ẹran tó kù po ìrẹsì. Taurine máa ń yọ́ sínú omi, nítorí náà omi tí ẹ dà nù yẹn ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ikùn ológbò lè da ìrẹsì jíjinná, kì í ṣe májèlé fún un, àmọ́ àyè tí ẹran ì bá wà nínú abọ́ ló gbà. Ẹran tí kò ní egungun nínú kò sì ní kálíṣíọ̀mù tó. Mo dúpẹ́ pé tiyín ti dàgbà, torí ọmọ ológbò tó bá ń jẹ ẹran lásán, kálíṣíọ̀mù inú egungun tirẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò máa fà lò, títí egungun náà yóò fi máa ṣẹ́ bó bá ti fò láti orí àga.

Ọbẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ tí wọ́n lọ̀. Kì í hàn lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ ó rí i pé èrìgì rẹ̀ ti funfun, kò fẹ́ dìde, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kóró ìsebẹ̀ tí a ń jù sínú ọbẹ̀ ló ní àlùbọ́sà gbígbẹ nínú pẹ̀lú iyọ̀, nítorí náà omi ẹran tí ẹ ti fi wọ́n sè kò yẹ fún un.

Ẹja náà ní tirẹ̀. Àwọn kan, pàápàá àwọn ìbátan ṣáwá, ní èròjà kan nínú tó máa ń pa fítámì B1 run bí a kò bá sè wọ́n. Ológbò tí B1 ti tán lára rẹ̀ kì í ṣòro dá mọ̀ fún ẹni tó bá ti rí i rí. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, àgbọ̀n rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ fọwọ́ gbé orí náà sókè, yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ á ṣí gbagada nínú ìmọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kọ́ra bó ṣe ń rìn. Bí a bá tètè gún un lábẹ́rẹ́ B1, ó lè gbé orí rẹ̀ sókè kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, inú èèyàn á sì dùn. Bí a bá pẹ́, gìrì ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹja olóràá bíi Titus, bí wọ́n bá jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ nìkan lójoojúmọ́, lè mú kí fítámì E tán lára rẹ̀, kí ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ wú, kó má sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní ti omi, inú ìran ológbò igbó Áfíríkà, Felis lybica, ni ológbò ilé ti wá, ẹran ilẹ̀ gbígbẹ sì ni. Bí ìdá 70 nínú 100 ara eku ló jẹ́ omi, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ ẹ́. Oúnjẹ gbígbẹ inú àpò ní omi bí ìdá 10 péré nínú 100, ti agolo sì ní 75 sí 80. Ológbò tó ń jẹ gbígbẹ máa ń mu omi díẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n lápapọ̀, omi tó ń wọ ara rẹ̀ kì í tó ti èyí tó ń jẹ ti agolo. Ìtọ̀ rẹ̀ á máa ki, iyanrìn kéékèèké lè bẹ̀rẹ̀ sí í di nínú àpò ìtọ̀, ọ̀nà ìtọ̀ akọ sì tín-ín-rín. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tó ń gbé inú ilé ni ewu yìí sún mọ́ jù. Bí ẹ bá rí tiyín tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí àwo iyanrìn rẹ̀, tó lóṣòó, tó ń ké, tó ń lá abẹ́ ara rẹ̀, tí iyanrìn sì gbẹ, ẹ má rò pé ìgbẹ́ ló le. Kì í ṣe ohun tí a ń fi di ọ̀la. Ìtọ̀ tó há lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ilé-ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ gbé e lọ.

Àṣà "kò sí ọkà" tó gbòde ní Amẹ́ríkà kò dí mi lójú. Èèyàn á rò pé wọ́n ti yọ ohun tó ń fún ni ní okun kúrò kí ẹran lè pọ̀ sí i. Ẹ yí àpò náà padà, ẹ óò rí i pé ẹ̀wà pòpòǹdó aláwọ̀ ewé, ọ̀dùnkún tàbí gbágùúdá ló gba ipò àgbàdo nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní 2018 ni FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wò nítorí àìsàn ọkàn lára ajá, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí ohun tó fà á. Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi máa san àfikún owó lórí rẹ̀.

Ti ẹran tútù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò yìí, nítorí àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, H5N1. Ní 2024, àwọn ológbò tó mu wàrà tí wọn kò sè ní oko màlúù kan ní Texas kó o, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó kú. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ológbò kan tí kì í jáde nílé kú ní ìpínlẹ̀ Oregon. Inú oúnjẹ ẹran tòlótòló tútù tó ń jẹ ni wọ́n ti bá fáírọ́ọ̀sì náà. Fírísà kì í pa á. Àwa náà kò ṣàjèjì sí H5N1: Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí i nínú ọgbà adìẹ, ní Kaduna, ní 2006, ó sì tún padà wá ní 2015. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ ó máa fọwọ́ gé ẹran náà. Ẹ sè é.

Àwọn tuntun mìíràn ń bọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n fi ìdin eṣinṣin ṣe ti wà lórí àtẹ ní Yúróòpù, bó bá pé, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Oúnjẹ aláìlẹ́ran gbára lé taurine àti fítámì tí ilé-iṣẹ́ ṣe, bí àṣìṣe kékeré bá sì wọ ibẹ̀, ológbò ló máa jìyà rẹ̀; n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ilé-iṣẹ́ Purina, tó jáde ní 2020: èròjà inú ẹyin adìẹ tó wà nínú oúnjẹ náà máa ń dì mọ́ ohun tó ń mú àwọn èèyàn sín nínú itọ́ ológbò. Bí ẹnì kan bá ń sín nínú ilé yín, ó yẹ ní gbígbìyànjú bí owó bá wà.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ fi àwòrán ológbò iwájú àpò sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kà. Lára èyí tó wá láti London, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni "complete". Bó bá jẹ́ "complementary", ìpanu ni. Ti Amẹ́ríkà máa ń kọ "complete and balanced" pẹ̀lú orúkọ AAFCO, àjọ tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ ẹranko níbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá àgbàlagbà tàbí ọmọ ológbò ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sì jẹ́ kí iye purotéènì lára agolo dẹ́rù bà yín. Agolo tó kọ 10 nínú 100, tí omi rẹ̀ jẹ́ 80, bí ẹ bá yọ omi náà, 20 ló kù, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ purotéènì. Àpò gbígbẹ tó kọ 32, tí omi rẹ̀ jẹ́ 10, kò tó bẹ́ẹ̀: bí 36 nínú 100 ni.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má ra èyí tí wọ́n tú láti inú àpò ńlá tí wọ́n ń wọ̀n tà nínú ọ̀rá. Kò sí ọjọ́ ìparí lára rẹ̀, ẹ ò mọ bí oòrùn ṣe pa á tó, nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa, ó sì lè bu láìjẹ́ pé ojú rí i. Ní Britain pàápàá, ní 2021, wọ́n kó àwọn oúnjẹ gbígbẹ kan kúrò lọ́jà nígbà tí ọ̀pọ̀ ológbò ṣàdédé di ẹni tí ara wọn kò ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, májèlé tí èbu máa ń mú jáde sì wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ẹ ra àpò kékeré tó ṣì wà ní dídì, kẹ́ ẹ fi í sínú ike tó ní ọmọrí.

Ológbò kìlógíráàmù mẹ́rin tí a tẹ̀ lọ́dàá kò nílò ju bí 50 sí 60 gíráàmù oúnjẹ gbígbẹ lọ lójúmọ́. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ máa bọ itan adìẹ tàbí ọkàn adìẹ láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà. Ẹ bu omi rẹ̀ tó ti tutù sórí oúnjẹ gbígbẹ náà, kẹ́ ẹ sì kó ohun tó bá ṣẹ́kù kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹran itan ní taurine ju ti àyà lọ fíìfíì. Ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Bó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, egungun ọrùn rẹ̀ yóò máa lẹ̀ pọ̀. Gbogbo ìpanu wọ̀nyí, pẹ̀lú pańla, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ọjọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ fi bí ọjọ́ mẹ́wàá pààrọ̀ oúnjẹ náà, kẹ́ ẹ máa dín pańla àti ìrẹsì kù bí ti àpò ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ebi pa á, pé bí ebi bá dé yóò jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe é. Ológbò tó sanra, tó fi ọjọ́ mélòó kan gbààwẹ̀, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kó sì kú. Bó bá fi odindi ọjọ́ kan kọ̀ ọ́, ẹ fún un ní ti tẹ́lẹ̀, láìsí ọbẹ̀, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ṣíbí kan lọ́jọ́ kejì.