Ìperí fún Wáyà Mẹ́ta: Ìsopọ̀ Iná Agbóhùnsókè nínú Ọkọ̀ tí Kò Ní Rédíò

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti jáde ní 1984, tí apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990, ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa. A kò lè sọ bákan náà nípa iṣẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní àwọn ìsọ̀ rẹwáyà ọkọ̀ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ní agbègbè Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ìsopọ̀ kan ṣoṣo ni a ó yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí: bí a ṣe ń fún agbóhùnsókè ní iná nínú ọkọ̀ tí kò ní rédíò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ìpolówó ọjà, ti ajíhìnrere àti ti àwọn alágbo tí ń kiri, níbi tí a ti so fóònù tàbí gbohùngbohùn mọ́ ẹ̀rọ náà ní tààrà. Èrò wa ni pé iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó yẹ kí a fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ìtumọ̀ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un. Nítorí pé níbi tí iná wà, orúkọ tí ó ṣini lọ́nà lè jó ọkọ̀.

2. Iṣẹ́ tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń ṣe

Ojú mẹ́ta ni a ń so wáyà iná mọ́ lára agbóhùnsókè ọkọ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ B+ tàbí 12V sí ojú kìíní, GND sí ìkejì, àti REM sí ìkẹta.

(i) Ojú kìíní ni iná ń gbà wọlé láti orí pósítíìfù bátìrì. Wáyà rẹ̀ nípọn nítorí pé òun ni ó ń ru ẹrù. Bí ẹ̀rọ bá ń fa wáàtì 600 lára bátìrì fóòtì 12, ẹ fi 12 pín 600: áńpíà 50 ni ó ń gba inú wáyà náà kọjá. Fíúsì gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó má sì jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Wáyà ni fíúsì yìí ń dáàbò bò ju ẹ̀rọ lọ: bí ara wáyà bá bó, tí ó sì kan irin ọkọ̀ ní àárín bátìrì àti fíúsì, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró kí wáyà tó gbiná.

(ii) Ojú kejì ni iná ń gbà padà sí bátìrì, nípasẹ̀ irin ara ọkọ̀. Wáyà rẹ̀ gbọdọ̀ nípọn tó ti àkọ́kọ́, kí a sì ha ọ̀dà kúrò lára irin kí a tó dè é mọ́ ọn.

(iii) Ojú kẹta kì í ru ẹrù. Àmì ni ó ń gbà: bí fóòtì 12 bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ jí; bí ó bá kúrò, ẹ̀rọ sùn. Ìṣàn iná inú rẹ̀ kì í sábà tó áńpíà kan, ìdí nìyí tí wáyà rẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́. Rédíò ọkọ̀ ni ó máa ń fi àmì náà ránṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà nínú wáyà aláwọ̀ búlúù tí ó ní ìlà funfun.

3. Níbi tí orúkọ ti ń ṣini lọ́nà

Rẹwáyà a máa pe ojú kejì ní "ẹ́ẹ̀tì". Olùtumọ̀ tí ó bá sọ ọ́ di "ilẹ̀" ti ṣi ọmọ-iṣẹ́ lọ́nà. Lóòótọ́, a máa ń ri irin mọ́lẹ̀ fún iná inú ilé. Ṣùgbọ́n orí táyà rọ́bà ni ọkọ̀ dúró lé, ìsopọ̀ yìí kò sì kan ilẹ̀ rárá.

Ti "rìmóòtù" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsọ̀ kan ní Ìgàndò, a rí ọmọ-iṣẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó so rìmóòtù. Ó tú páálí ẹ̀rọ náà títí, ó ní, "Ọ̀gá, wọn ò mà fi rìmóòtù sí i o." Ohun tí a ń tẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n ni ó ń wá. Bí a bá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí "ti ọ̀nà jíjìn", òkùnkùn náà ni.

Àwọn mìíràn a máa pe ojú kìíní àti ìkẹta ní "iná". Wọn kò purọ́, nítorí pé fóòtì 12 kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó gbà pé iná kan kò yàtọ̀ sí èkejì yóò so REM mọ́ bátìrì ní tààrà nígbà tí kò bá rí rédíò. Ẹ̀rọ yóò dún, inú oníbàárà yóò dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ní sùn mọ́. Bí ó bá ń fa áńpíà 1 péré láìdún, yóò ti fa áńpíà-wákàtí 48 láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú; bátìrì ọkọ̀ kékeré kò sì sábà ju áńpíà-wákàtí 45 sí 60 lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ lè má dáhùn sí kọ́kọ́rọ́. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò gba wáyà nípọn kọjá nínú ojú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹ̀rọ lè máa kú bí ọkọ̀ bá kú. A kò ṣe ojú kọ́kọ́rọ́ fún áńpíà 50, yóò jó.

4. Àwọn ìperí tí a dábàá

B+: agbénáwọlé
GND: agbénápadà
REM: atanijí

Nínú méjì àkọ́kọ́, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara àpólà-ìṣe "gbé iná wọlé" àti "gbé iná padà"; fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ "iná" ni a pa jẹ. Àwọn méjèèjì bára mu, bí wáyà wọn ṣe bára mu ní nínípọn.

Fún ìkẹta, "ajíẹ̀rọ" ni a kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni ó wà lórí "jí" ti ojú oorun àti "jí" ti olè. Kò sí ọ̀gá tí yóò fẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ "olè ẹ̀rọ" sí ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀. "Ta … jí" kò ní pọ́n-na yìí. Iṣẹ́ ajísààrì sì ni wáyà náà ń ṣe: ó jí onílé, kò bá a gbé ìkòkò.

A fi "fíúsì" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé tọmọdé tàgbà ìsọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ti "agbóhùnsókè", àwọn kan ń lò ó fún sípíkà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ó ń fún sípíkà lágbára nìkan ni a lò ó fún níhìn-ín.

5. Ìlò wọn nínú ìkọ́ni

Ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ẹ de agbénápadà mọ́ irin tí a ti ha. Ẹ so agbénáwọlé mọ́ orí pósítíìfù gba inú ilé fíúsì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ki fíúsì bọ̀ ọ́. Ẹ fa atanijí láti ojú tí iná kì í dé àfi bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi fíúsì áńpíà 1 sí i. Bí ojú bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ fa á láti orí pósítíìfù gba inú fíúsì kékeré kan náà àti súìṣì, kí awakọ̀ sì máa rántí pa á. Ẹ dá orí nẹ́gẹ́tíìfù padà. Ìgbà náà ni kí ẹ tó ki fíúsì ńlá bọ̀ ọ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Kò yẹ kí ti ọmọ-iṣẹ́ rẹwáyà ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò tí a fi lélẹ̀ fún ìperí irú èyí kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá pe orúkọ náà, ṣé ọmọ-iṣẹ́ lè sọ iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe? Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju "atanijí" lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gbé e dé ìsọ̀ rẹwáyà.