Orí Kẹfà: Ooru Tí A Fi Owó Rà

Ní Nàìjíríà, a máa ń kọ́lé kí atẹ́gùn lè rọ́nà gbà. Fèrèsé á dojú kọ fèrèsé, kí ooru lè jáde. Ní London, tó bá ti di oṣù kọkànlá, ọ̀rọ̀ yí padà: ooru gbọ́dọ̀ jókòó sínú ilé, nítorí owó la fi rà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í tètè mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo máa ń ṣí fèrèsé yàrá sílẹ̀ díẹ̀ kí n lè mí dáadáa, hítà á sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí bíìlì dé ni mo tó mọ̀ pé èmi àti ojú títì la jọ ń yáná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí ooru ń gbà sá lọ. Ẹ fi omi ra ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ gbé e sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àti ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà gbà. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti tutù, ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Peckham gé àǹkárá tó ti gbó, ó rán an gígùn bí ìrọ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ki àkísà sínú rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí ìdí ilẹ̀kùn. Kò ná kọ́bọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ fa kọ́tìnì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó bo hítà ara ògiri. Ẹ má sì gbé àga tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àga ni ẹ ń mú gbóná.

Bí òtútù bá lé wa wọlé láti ibi iṣẹ́, ọwọ́ wa á lọ tààrà sí tẹmọsítáàtì, ohun kékeré tí a fi ń sọ bí ilé yóò ṣe gbóná tó. A ó yí i dé 30, kí ilé lè tètè gbóná. Kì í ṣe iná igi tí a ń koná mọ́. Ó dà bí ẹni tó wọ mọ́tò l'Ékòó, tó ń lọ sí Ìbàdàn. Bó bá sọ fún dẹrẹ́bà pé Ìlọrin lòun ń lọ, mọ́tò kò ní torí ìyẹn sáré sí i. Yóò kàn gbé e kọjá Ìbàdàn ni. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, 18 sí 21 tó. Ilé tó bá ní ọmọ ọwọ́ tàbí arúgbó kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 18 lọ, nítorí òtútù lè fa àìsàn sí wọn lára.

Bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi inú hítà gbóná, náà ní ti ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní bọ́tìnì méjì: ọ̀kan ní àmì hítà, èkejì ní àmì ẹ̀rọ omi. Èyí tó ní àmì hítà sábà máa ń wà lórí 75 tàbí 80. Tí ilé yín kò bá ní táńkì omi gbígbóná, ẹ yí i wálẹ̀ sí 60. Ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, ṣùgbọ́n ooru tí bọ́ílà ń dà nù pẹ̀lú èéfín á dín kù. Ẹni tó ní táńkì, kó má fọwọ́ kàn án láìbéèrè: kòkòrò àrùn lè pọ̀ nínú omi táńkì tí kò gbóná tó.

Hítà kékeré tí à ń kì bọ iná ńkọ́? Ẹyọ iná kan wọ́n tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ẹyọ gáàsì. Fún ẹni kan nínú yàrá kan, fún wákàtí kan, ó dára. Ẹ má fi mú odindi ilé gbóná.

Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni àjọ Ofgem ti ń fi gbèdéke lé owó iná àti gáàsì. Púpọ̀ nínú wa gbà pé bíìlì ò lè kọjá iye tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Rárá o. Orí owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbèdéke wà. Ẹni tó lò púpọ̀ yóò san púpọ̀. Owó ojoojúmọ́ tún wà tí mítà ń yọ, bí ẹ tan iná bí ẹ ò tan án. Ẹni tó lọ ṣe Kérésìmesì l'Ábẹ́òkúta fún oṣù kan, tó fi mítà ríchájì sílẹ̀ lófo, gbèsè ni yóò bá nílé.

Ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì: ẹ má gbé àdògán eléèédú wọnú ilé nítorí òtútù, ẹ má sì dí ihò atẹ́gùn hítà gáàsì. Èéfín tí ojú ò rí, tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sùn nínú ilé, òun kan náà ni. Tí ẹ bá sì ń se ẹ̀wà, ẹ ṣí fèrèsé kíṣìnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí nǹkan dúdú má baà máa hù lára ògiri.

Tí gbèsè bá ti ń wọlé, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín kí wọ́n tó pè yín. Òfin Ofgem ní kí wọ́n bá yín ṣètò owó díẹ̀díẹ̀ tí agbára yín ká. Ẹ béèrè Warm Home Discount pẹ̀lú: £150 ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, fún àwọn kan tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, orí bíìlì iná ni wọ́n sì ń fi í sí. Bó bá jẹ́ orúkọ onílé ló wà lórí bíìlì yẹn, kò lè kàn yín.