“Tẹ Nọ́ńbà Méjì”: Kí Ló Kàn Wá Níbẹ̀?



Gbogbo wa la mọ ohùn yẹn. A pe báńkì, kí a tó sọ ohun tí a bá wá, ẹ̀rọ ti ní kí ẹni tó ń sọ èdè Sípáníìṣì tẹ nọ́ńbà méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan máa ń bínú sí i: wọ́n ní ẹni tó bá wá sílùú àwọn, kó kọ́ èdè àwọn. Àwọn mìíràn ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Nínú ìpàdé tiwa náà, mo ti gbọ́ ọ pé, “Àwa ṣáà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ká tó dé.” Èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èèyàn tó lé ní 40 mílíọ̀nù ló ń sọ Sípáníìṣì nínú ilé wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ra mọ́tò, wọ́n ń yáwó kọ́lé, wọ́n ń san ìńṣọ́ránsì. Iléeṣẹ́ tí kò bá lè bá wọn sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba owó wọn. Ọjà ni wọ́n ń tà, bí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà ṣe ń bá oníbàárà sọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò.

Ohun tó yí mi lérò padà ni ti ìyá ìyàwó mi. Màmá ta aṣọ lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún, wọn kì í ṣe òpè. Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù ni kò yé wọn. Iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ìlera kan pè, ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ló ń túmọ̀. Wọ́n béèrè bóyá Màmá fẹ́ pààrọ̀ ètò wọn. Ọmọ kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Màmá kò fi rí dókítà wọn.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà. Ní ọdún 2000 Ààrẹ Clinton pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ran ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 Ààrẹ Trump fagi lé e, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn kò pa òfin ìlera ọdún 2010 rẹ́. Ilé ìwòsàn àti ìńṣọ́ránsì ìlera tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ gbára lé ọmọdé, àfi nígbà pàjáwìrì.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta rèé:

1. Bí àgbà bá ń pe ilé ìwòsàn tàbí ìńṣọ́ránsì ìlera, kí wọ́n sọ pé, “Yoruba interpreter, please.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní Maryland, ẹ wo ìwé tí ìńṣọ́ránsì máa ń so mọ́ lẹ́tà: ẹ ó rí Yorùbá níbẹ̀.

2. Ẹ má fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ owó tàbí ìlera.

3. Ìwé ìbéèrè American Community Survey máa ń dé àwọn ilé kan lọ́dọọdún. Ó máa ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Ẹ má tìtorí pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi Yorùbá sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Àwọn tó ni nọ́ńbà méjì, wọ́n kà wọ́n ni. Èdè tí kò bá sí nínú ìwé, ta ni yóò fún un ní nọ́ńbà?

Ire o.