Kí Ẹ Tó Sanwó Fóònù, Kí Ẹ Tó Sanwó Géèmù

Oríṣi fóònù ìgbàlódé méjì ló gbòde lónìí: iPhone àti Android. Bí a bá fẹ́ ra fóònù, a máa ń wo ẹwà rẹ̀, a ó wo kámẹ́rà rẹ̀, a ó ná an, a ó sì gbé e lọ sílé. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kò hàn níta. Inú fóònù ló wà.

Fóònù kọ̀ọ̀kan ní ètò kan tó ń darí rẹ̀. Apple ló ni ètò tó ń darí iPhone, Apple nìkan ló sì ń ṣe iPhone. Ọdún 2007 ni èyí àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Google ló ni Android, fóònù Android àkọ́kọ́ sì dé ọjà ní ọdún 2008. Google gba àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láàyè láti fi Android sínú fóònù tiwọn. Ìdí nìyí tí Samsung, Tecno, Infinix àti itel fi jẹ́ Android, bí orúkọ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ìdí yìí náà ló fà á tí Android olówó pọ́ọ́kú fi wà, tí Android olówó ńlá náà sì wà.

Ẹ fi wé agboolé. Ẹni tó ra iPhone ti wọ agboolé Apple. Ẹni tó ra Android ti wọ agboolé Google. Akáúńtì yín, fọ́tò yín àti áàpù tí ẹ fowó rà, inú agboolé yẹn ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ lọ́jọ́ iwájú, ẹrù kan wà tí ẹ lè gbé, òmíràn sì wà tí ẹ ó fi sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú orí ìwé yìí nìyẹn: kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè ohun tí ẹ lè gbé jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pè mí pé, “Àbúrò mi, mo ti ra fóònù tuntun. Ṣé kí n fi iPhone mi àtijọ́ ránṣẹ́ sí ọ?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.” Ó yà á lẹ́nu. Ta ni kì í fẹ́ iPhone ọ̀fẹ́?

Mo jókòó, mo ka ẹrù mi. WhatsApp ni àwọn oníbàárà mi àti ẹbí mi wà. Ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́, nítorí pé láti ọdún 2022 ni èèyàn ti lè kó ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ̀ láti Android lọ sórí iPhone, bí iPhone náà bá jẹ́ tuntun tàbí tí wọ́n bá ti nu ohun inú rẹ̀. Mo ní áàpù kan tí mo fi ń ṣírò owó ọjà. Orí Android ni mo ti rà á. Bí mo bá fẹ́ ẹ lórí iPhone, mo ní láti tún un rà. Mo ní mẹ́mọ́rì káàdì tí fọ́tò ìsìnkú bàbá wa wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìyá wa àgbà tó ń ki oríkì wa. iPhone kò ní ojú ihò tí a lè ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ̀. Mo lè fi kọ̀ǹpútà kó wọn sínú rẹ̀, àmọ́ àyè inú fóònù yẹn kò pọ̀ tó, kò sì sí bí a ṣe lè fi kún un.

Ọ̀rọ̀ ṣájà náà wà níbẹ̀. Gbogbo iPhone tó jáde láti ọdún 2012 títí di ti ọdún 2022 ló ń lo ṣájà tirẹ̀ lọ́tọ̀. iPhone 15 ti ọdún 2023 ló kọ́kọ́ lo ẹnu ṣájà tí a ń pè ní Type-C, èyí tí ọ̀pọ̀ Android ń lò. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Nínú ilé tí iná kì í pẹ́ lọ, tí èèyàn márùn-ún ń dúró de ihò iná kan, kò kéré rárá.

Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iPhone. Ó máa ń pẹ́. iPhone 6s jáde ní ọdún 2015, Apple ṣì ń fún un ní ètò tuntun ní ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ Android olówó pọ́ọ́kú kì í rí irú rẹ̀ gbà fún ọdún púpọ̀. Àtúnṣe ti ń bá àwọn olówó ńlá: Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 ní ọdún 2023, Samsung náà sì ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24 ní ọdún 2024. Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí bí ètò inú fóònù bá ti gbó jù, áàpù á kọ̀ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí iPhone 5s àti iPhone 6. Ẹni tó bá ra irú wọn ní tòkunbọ̀ lónìí, kámẹ́rà àti ìpè ló rà.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọdún 2013 ni Apple ti fi àgàdágodo kan sínú iPhone. Bí ẹni tó ni fóònù tẹ́lẹ̀ kò bá yọ akáúńtì rẹ̀ kúrò, fóònù náà kò ní gba ẹlòmíràn láàyè láti lò ó, kódà bí wọ́n bá ti nu ohun gbogbo inú rẹ̀. Android náà ní irú àgàdágodo bẹ́ẹ̀. Àwọn olè ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ẹni tó fi owó mímọ́ ra ọjà náà. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan fóònù lójú yín, kí ó nu ohun inú rẹ̀, kí ó sì tún un tàn. Bí fóònù bá ń béèrè akáúńtì tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má gbà pé wọ́n á bá yín ṣí i tó bá dọ̀la.

Mo dúró sórí Android mi. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi iPhone náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ya fídíò òde àríyá nílùú Ìbàdàn. Ó ń rí oúnjẹ jẹ nídìí rẹ̀.

Ohun mìíràn tún dá mi dúró. Géèmù ni. Ọmọ mi fẹ́ràn géèmù bọ́ọ̀lù, àwa méjèèjì la sì jọ ń lo fóònù mi lálẹ́. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PPSSPP. Ó máa ń sọ fóònù di PSP, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí Sony ṣe nígbà kan. Láti ọdún 2012 ló ti wà lórí Android. Apple kò gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ láàyè nínú ilé ìtajà rẹ̀ títí di ọdún 2024. Apple kì í fẹ́ kí áàpù gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní Yúróòpù, òfin fipá mú un ní ọdún 2024 láti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Android ń jẹ́ kí a gba áàpù láti ìta Play Store, ilé ìtajà Google. Mo fẹ́ràn òmìnira yìí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dájú ń gbà wọlé. Bí ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ bá fi áàpù ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ má fi sórí fóònù tí áàpù báǹkì yín wà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀. Èyí tó wà nílé wa ń lo Windows 10, ètò tí Microsoft ṣe. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 ní kọ̀ǹpútà wa ti dàgbà jù fún òun. Kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ ṣì pé! Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Linux yẹ̀ wò.

Linux jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Kò ṣàjèjì sí wa bí a ṣe rò, nítorí orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù ni wọ́n ṣe fún Windows nìkan. Ilé-iṣẹ́ Valve, tó ni ilé ìtajà géèmù tí a ń pè ní Steam, wá ojútùú sí i. Ní ọdún 2018, wọ́n gbé Proton jáde. Ohun tí géèmù bá béèrè lọ́wọ́ Windows, Proton á túmọ̀ rẹ̀ fún Linux. Ọ̀pọ̀ géèmù ló ń ṣiṣẹ́ báyìí láìsí wàhálà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Steam ni pé ẹrù mi ṣeé gbé. Mo ra géèmù oko kan, Stardew Valley, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí Steam. Mo lè ṣe é lórí Windows, mo lè ṣe é lórí Linux. Bí mo bá fẹ́ ẹ lórí fóònù, màá tún sanwó, nítorí agboolé mìíràn nìyẹn. Láti ọdún 2023, Steam tún ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan fún ara wọn ní géèmù láìjẹ dátà. Géèmù bọ́ọ̀lù FC 24 nìkan ń béèrè àyè GB 100. Ẹni tó ń ra dátà mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ mi bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé FC á ṣì ṣiṣẹ́?” Mo wádìí rẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́. Ètò kan wà nínú FC tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe màgòmágó, Windows nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Fortnite àti Valorant náà kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Apex Legends ṣiṣẹ́ lórí Linux fún ìgbà kan, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ti ilẹ̀kùn náà ní ọdún 2024.

Nítorí náà, a fi Windows àti Linux sórí kọ̀ǹpútà kan. Bí a bá tàn án, á béèrè èyí tí a fẹ́. Ọmọ mi ń lo Windows fún FC, a sì ti forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan yẹn. Èmi ń lo Linux fún oko mi, fún lẹ́tà àti fún báǹkì. Bí ẹ̀yin náà bá ń rò ó láti yí padà, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ géèmù yín lórí ProtonDB, níbi tí àwọn tó ti dán an wò ń sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kò ṣiṣẹ́, ẹ má yọ Windows yín kúrò.